Pèrègún Òdìkejì Odò

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà 2025
Kí ìwé yìí kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń kọ ọ́. Èmi Awóbọ̀dé, ọmọ Ìlobù. Ìwé kejì ni mo wà tí bàbá mi fi kú — ilé-ìwé parí nìyẹn. Mo ru búlọ́ọ̀kù l'Óṣogbo títí àtàrí mi fi pá. Mo la pákó. Paramọ́lẹ̀ bù mí jẹ, mi ò kú. Iná jó àká mi, mo tún un kọ́. Lónìí, ta ló ní oko ọ̀pẹ tó tó tèmi lọ́nà Ìfọ́n? Kò sí. Àní pèrègún ààlà tó wà lódìkejì odò, ọwọ́ ara mi ni mo fi rì í.

Dúró, àkọ́bí mi — Alákọ̀wé ni mo ń pè é nínú mi — gbé bébà Òyìnbó wá lánàá. Àwọn awọnlẹ̀ ń bọ̀ lógúnjọ́ oṣù yìí wá ri òkúta ààlà, kí n tẹ̀ka síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, bí ilẹ̀ yín ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo kọ." Ẹni tó bá ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ni mo máa ń ṣọ́. Mi ò tẹ nǹkan kan. Màá kọ́ Òyìnbó náà fúnra mi.

Ọjọ́rú, 5
Mo ti rí tíṣà. Stella, ọmọ Ìfọ́n. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pẹ́ kó tó dìde. Kí ló dé tó pẹ́ bẹ́ẹ̀? Màá máa wò ó.
Híìlì, òkè. Fálè, àfonífojì. Rọ́ọ̀kì, àpáta. Sítíríìmù, odò kékeré. Rìnsọ́lá ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá Dúró, ẹ ò kúkú lọ rán yúnífọ́ọ̀mù." Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8
Mo rí sítíríìmù nínú bébà Alákọ̀wé! Stella túmọ̀ ibẹ̀: ilẹ̀ mi pin sétí odò. Etí odò kẹ̀! Ọ̀pẹ mi tó wà lódìkejì ńkọ́? Dúró ti bá àwọn ará Ìfọ́n tá a jọ pààlà mulẹ̀.

Àìkú, 9
Mo pè é lórí fóònù, mo bú u. Ó ní, "Bàbá, ibi tí pèrègún wà ni mo kọ." Pèrègún wo? Èmi tí mo gbìn ín ò mọ ibi tó wà? Ó wá ní, "Ẹ lọ wo ẹ̀yìn àpáta etí odò, níhà ọ̀dọ̀ tiyín."

Ìṣẹ́gun, 11
Mi ò lọ. Kí ló fẹ́ kí n lọ rí?

Ọjọ́bọ̀, 13
Stella gbé ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan dé, háàdì. Ó ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán kí òmíràn tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ. Ìyẹn náà lẹ̀kọ́? Kí àkùkọ tó kọ, mo ti dóko — ìtàn ayé mi nìyẹn. Ó ní kí n kọ gbólóhùn mẹ́wàá irú ẹ̀. Ó tún ní ká jọ lọ sóko lọ́la, kí n máa fojú rí àwọn nǹkan tí mò ń dárúkọ. Hùn. Ọmọ Ìfọ́n fẹ́ wo oko mi. Mo gbà — kí n lè mọ ibi tójú ẹ̀ máa lọ.

Ẹtì, 14
Mo ń na ọ̀pá, mo ń dárúkọ. Híìlì. Fálè. Stella ń pàtẹ́wọ́. A dé etí odò. Iná ọdẹ ti jó igbó ẹ̀yìn àpáta láìpẹ́. Ó ní, "Èyí ńkọ́, Bàbá? Èmi gan-an ò mọ orúkọ ẹ̀ lédè Òyìnbó."
Pèrègún. Mẹ́ta, lórí ìlà kan, níhà ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ga ju ilé lọ.
Ojú Stella ò lọ síbì kankan. Tèmi ló lọ.

Bàbá mi àti bàbá Ọ̀ṣúnkúnlé, ará Ìfọ́n tó ni oko òdìkejì odò, ló jọ rì wọ́n. Èmi ni mo gbé igbá omi. Nígbà tí Ọ̀ṣúnkúnlé kú, tí Àbọ̀kẹ́ aya ẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ nílé n'Ífọ́n, mo gé ẹ̀ka kan lára wọn, mo gbé e kọjá odò, mo rì í sẹ́yìn àwọn ọ̀pẹ Ọ̀ṣúnkúnlé. Igbó bo ti àtijọ́. Àbọ̀kẹ́ wá lọ́jọ́ kan: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibí ni ààlà wa?" Mo nawọ́ sí pèrègún mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà." Ó lọ.
Ọdún mẹ́tàlélógún.

Àbámẹ́ta, 15
Gbólóhùn mẹ́sàn-án ti jáde. Wọ́n dùn. Ìkẹwàá ò wá.

Àìkú, 16
Rìnsọ́lá bi mí kí ló dé tí mi ò jẹun. Mo ní pèrègún. Ó fọwọ́ lérán: "Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ni." Ó mọ̀! Dúró mọ̀. Gbogbo àwọn tí mò ń ṣọ́, àṣé èmi ni wọ́n ń bò láṣìírí.

Ìkẹwàá rèé, kí Stella bá mi gbé e sí Òyìnbó: pèrègún àwọn bàbá wa ti dàgbà kí n tó gbin tèmi.

Lọ́la, Ajé, màá gbé ọkọ́ sọdá odò, màá hú èyí tí mo rì tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìfọ́n, ilé Àbọ̀kẹ́. Màá ṣí fìlà. Yorùbá ni màá fi sọ ọ́. Lọ́jọ́bọ̀, táwọn awọnlẹ̀ bá dé, èmi ni màá mú wọn lọ sẹ́yìn àpáta. Mi ò sì ní tẹ̀ka. Màá kọ orúkọ mi.