Ìṣó Tó Ṣófo Nínú Ilé Àtùpà

                                        Ojúlé Kẹrin,
                                        Ilé Àwọn Awakùsà,
                                        Òpópónà Èbúté.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹjọ.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun àbígbẹ̀yìn ti san? Iṣẹ́ ńkọ́? Ara mi le, ọpẹ́ ni. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ara màmá rẹ náà le, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já bí o ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

O mọ bí inú mi ti dùn tó nígbà tí mo gboyè tán, tí ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ erékùṣù wa gbà mí síṣẹ́. Mo rò pé a ó dá iyì àwọn awakùsà padà fún wọn. Wọ́n kúkú ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ògiri olókùúta àwọn ilé wa mọ, wọ́n kun ẹ̀rọ ńlá tó ń fa ènìyàn sókè láti inú kòtò, wọ́n sì ṣọgbà yí etí òkè tí àwọn ẹyẹ òkun ń yé sí ká. Wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìtẹ́ ẹyẹ, bó tilẹ̀ ṣófo. Mo yìn wọ́n títí wọ́n fi dé ilé àtùpà, níbi tí àwọn awakùsà ti máa ń gba àtùpà kí wọ́n tó wọ kòtò.

Kékeré lo ti kúrò níbí, bóyá o ti gbàgbé. Kí awakùsà tó wọ kòtò, yóò mú páànù kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí kúrò lórí ìṣó ara ògiri ibẹ̀. Bó bá jáde, yóò fi í kọ́ padà. Ìṣó tó bá ṣófo, ẹni tó ni ín ṣì wà nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí òkè ti wó lu bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti àwọn yòókù nínú kòtò, tí a kò rí òkú ẹnikẹ́ni gbé jáde, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kọ́ sórí ìṣó wọn. Ibẹ̀ ni ibojì wọn. Ibẹ̀ ni màmá rẹ máa ń lọ dúró sí.

Ọ̀gá wa, tí à ń pè ní Afínjú nítorí pé eruku kì í bá a gbélé, ní ògiri náà rí bí ẹnu tí eyín ti ká. Ó ní kí wẹ́dà gé páànù tuntun, kí ó kọ nọ́ńbà wọn sí i, kí ó fi dí gbogbo àlàfo. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ó kọ etí ikún. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ìṣó lásán ni àlejò á wọkọ̀ ojú omi wá wò?" Ìtẹ́ ẹyẹ tó ṣófo ní òfin tó ń gbèjà rẹ̀, ìṣó àwọn ènìyàn wa kò ní.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, ìjókòó iwájú ni wọ́n fún màmá rẹ. Bí ìlẹ̀kùn ti ṣí, Màmá lọ tààrà síbi ìṣó bàbá rẹ. Páànù tuntun ń dán lórí rẹ̀. Bàbá arúgbó tó máa ń wa ẹ̀rọ kòtò nígbà náà rọra sọ lẹ́yìn mi pé ìgbìmọ̀ yìí mà lágbára, wọ́n jí òkú dìde láìgbàdúrà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Màmá kò sunkún. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Wọ́n kọjú sí Afínjú, wọ́n sì bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọmọ mi, ẹ ní ọkọ mi ti jáde. Ọ̀nà wo ló wá gbà tí kò fi délé?"

Afínjú ní ọ̀ṣọ́ lásán ni páànù náà.

"Ọ̀ṣọ́ kẹ̀? Níbí, bí páànù bá ti wà lórí ìṣó, ẹni náà ti dé nìyẹn. Irọ́ lẹ gbé kọ́ sára ògiri."

Màmá yọ páànù náà, wọ́n gbé e lé Afínjú lọ́wọ́, wọ́n sì jáde.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìgbìmọ̀ ti ní kí wọ́n kàn án mọ́ ibẹ̀ padà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ fún Màmá pé àṣẹ ti dé, wọn kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èmi, Màmá àti àwọn opó yòókù ń lọ, à ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé kí a ní sùúrù, àwọn àlejò fẹ́ràn ògiri náà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Àwọn ará ilé wa ń kí ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán ògiri náà ránṣẹ́ sí ọ, tí o sì rí nọ́ńbà bàbá rẹ tó ń dán lórí ìṣó, Màmá ní kí n sọ fún ọ pé kí o má gbà á gbọ́. Bàbá rẹ kò tíì dé.

                                        Èmi ni tìrẹ, nínú ìbínú àti ìfẹ́,
                                        Akọ̀wé.