Ọjọ́ Ẹtì Nínú Rẹ́jísítà

Màmá Olóòtú ètò orí rédíò, mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi tí kò dáa. Ìwé karùn-ún ni mo ti dúró, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè yá lẹ́nu mi.

Oṣù kẹta rèé tí mo wọlé ọkọ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí. Ọkọ mi ń kó rẹ́jísítà àtijọ́ ilé-ìwé mẹ́wàá sínú kọ̀ǹpútà, kí ó lè fi wá ohun tó ń lé ọmọ kúrò nílé-ìwé. Èmi ni mò ń ka orúkọ fún un. Lánàá ló pariwo: "Ìyàwó mi, wá wò ó! Ilé-ìwé tiyín nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í pa jẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ mà fẹ́ràn ìwé o!"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ òtítọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, oko tíṣà wa la máa ń lọ ro. Wọn kì í pe orúkọ, wọ́n á kàn máàkì pé gbogbo wa wá. Tíṣà ọ̀hún ló bí ọkọ mi. Òṣogbo ni ọkọ mi ti kàwé, kò mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó fẹ́ sọ fáwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí gbogbo ilé-ìwé fi tiwa ṣe àwòkọ́ṣe. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ ló máa lọ pa láìmọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ojú á ti Bàbá, wọ́n sì ń kẹ́ mi bí ọmọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ bá Bàbá sọ ọ́ ni, àbí…

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ló ń pè mí yẹn: "Ìyàwó wa, wá ka nǹkan tí kọ̀ǹpútà sọ nípa ilé-ìwé mi fún mi!" Mo ti dáhùn pé mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n Màmá, kí ni kí n kà fún wọn…