Irọ́ tí mo pa fún dókítà sójà

Sùlèímánì, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ ní Ìbàdàn, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń sùn ní bárékè, mo sì kí ẹni tó ń lé yín kiri láàárọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí èémí rẹ tán kí ọ̀nà tó tán. Gbogbo wa wà láàyè ní Mahintedo níbí. Omi kún, ó ti wọ ilé ìdáná, a ti gbé àdògán sókè. Edé wọ́n. Wòsílátù, ìyàwó Kọ́lájọ àbúrò bàbá rẹ, ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ṣúgà sí i. Ìdí tí mo fi ní kí a kọ ọ́ ni pé tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná báyìí, wàá ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ̀kì. Jókòó kí o kà á.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o kùnà nínú ìdánwò eré sísá, ẹ̀rín ni mo rín. Níbo lo ti fẹ́ mọ eré sá? Orí afárá pákó la ti tọ́ ọ, ẹni tó bá sáré níbẹ̀, inú omi ni yóò ti dúró. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ já lókùn nìkan ló ń sáré ní ìlú wa. Mo sì rò ó pé kí ni sójà ń fi eré ṣe? Èmi rò pé ẹni tí kò lè sáré gan-an ni wọ́n ń wá, nítorí bí ogun bá dé, ibẹ̀ náà ni wọn yóò bá a. Sọ fún ọ̀gá yín kó gbé ọ sínú ọkọ̀, kó fún ọ ní àjẹ̀, kí òun náà gbé tirẹ̀, kí a wá wo ẹni tí wọn yóò lé kúrò níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n o pè mí pẹ̀lú ẹkún pé èmi ni mo ba ọ̀ràn rẹ jẹ́. Gbọ́ tẹnu mi. O mọ̀ pé àwọn ará ilé Moríkẹ́ ní Ode Mahin ti ní àwọn máa wádìí ilé wa kí wọ́n tó fún ọ lọ́mọ wọn, bóyá a ní wèrè, bóyá a ní gbèsè, bóyá a ní ikọ́ fée. Kò burú. Èmi náà wádìí ilé ìyá rẹ kó tó wọlé wa. Mo ti múra sílẹ̀ dè wọ́n. Àfi bí obìnrin kan ṣe pè mí, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní dókítà àwọn sójà lòun, ó ní kápútẹ́ẹ̀nì tún lòun. Mo ní nínú ara mi pé wọ́n ti dé. Obìnrin, dókítà, sójà, kápútẹ́ẹ̀nì, gbogbo rẹ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo! Mo mọ̀ pé àǹtí Moríkẹ́ kan ni.

Ó bi mí bóyá àyà rẹ máa ń fún pọ̀ tí o bá sáré ní kékeré. Mo ní àyà rẹ le bí ilẹ̀kùn. Ó bi mí bóyá èéfín ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní inú èéfín la bí ọ sí. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ní ikọ́ fée. Àkókò yẹn gan-an ni Kọ́lájọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi, o mọ ikọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ní kí nìyẹn? Mo ní ẹnì kan ló ń fa ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Ó ní ẹ́ńjìnì náà mà pẹ́ kó tó dáhùn. Mo ní omi ló dàpọ̀ mọ́ epo rẹ̀. Ó dúpẹ́, mo ní kó bá mi kí Moríkẹ́. Ó ní ta ni Moríkẹ́? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ìgbà tí o pè ni mo tó mọ̀ pé dókítà ni dókítà. O ní ikọ́ tó ti fi ọ́ sílẹ̀ láti kékeré ni eruku bárékè tún pè padà. O ní bó bá jẹ́ àìsàn ni kò jẹ́ kí o lè sáré, ìgbìmọ̀ dókítà yóò kọ́kọ́ jókòó lé ọ̀ràn rẹ, wọ́n lè gbé ọ lọ sí ibi tí wọn ò ti ní ní kí o sáré, bó bá sì di dandan kí o máa lọ, wọn yóò fún ọ ní ẹ̀tọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le tó sì ń kùnà, ọ̀lẹ ni, ọwọ́ òfo ni yóò gbé lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ le. Sùlèímánì, irú ayé wo nìyí? Láti ìgbà tí mo ti dáyé, àìsàn là ń fi pamọ́ kí wọ́n má baà lé wa níṣẹ́. Ta ló mọ̀ pé ibì kan wà tó jẹ́ alára líle ni wọ́n ń lé? Ká ní mo mọ̀ ni, ikọ́ fée nìkan kọ́ ni ǹ bá fún ọ, ǹ bá fi làkúrègbé tèmi kún un.

Mo pe obìnrin náà padà. Mo ní, “Kápútẹ́ẹ̀nì, èmi ni ìyá bàbá Sùlèímánì, irọ́ ni mo pa fún yín.” Ó ní èwo nínú rẹ̀? Mo ní gbogbo rẹ̀. Mo ní kò sí ẹ́ńjìnì kankan, àbúrò bàbá rẹ̀ ni. Mo gbé fóònù sí Kọ́lájọ lẹ́nu, mo ní kó wú ikọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò jẹ́ ká sùn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó dúró ṣánṣán bí ọkọ ìyàwó, ó ń mí jẹ́jẹ́! Mo bú u, Wòsílátù bú u, kò wú. Ni mo bá tì í lọ sí ibi tí a ti ń yan ẹja. Ó wú u títí tí obìnrin náà fi ń pariwo nínú fóònù pé kí a gbé e kúrò níbẹ̀ kíá, pé àṣẹ ni. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé kápútẹ́ẹ̀nì ni lóòótọ́.

Ó ní ikọ́ orí fóònù kò lè dé iwájú ìgbìmọ̀. Ọmọ́lẹ́wà, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ọ ní kékeré, ti kọ ohun tó mọ̀ ránṣẹ́ sí i. Obìnrin náà ní òun yóò gbé e síwájú wọn, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí. Tìrẹ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó, má fẹ àyà, má ṣe bí akọni. Sọ ibi tí èémí rẹ ń tán sí fún wọn.

Gbogbo ará àdúgbò ló gbọ́ ariwo wa. Mo mọ̀ pé bí Ode Mahin bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, a ti tẹ́. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ bá Ṣìkẹ́mi, ìyá Moríkẹ́. Mo ní ọmọ wa ní ikọ́ fée, àbúrò bàbá rẹ̀ ní i, àwọn sójà sì lè lé e. Mo ní bó bá máa gba ọmọ rẹ̀ padà, kó tètè gbà á, kí a tó ra iṣu ìdána. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú. Ó ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní Moríkẹ́ sọ pé tí o bá fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, àyà rẹ máa ń súfèé, pé ẹ̀gbẹ́ lòun máa ń yí ọ sí, òun á sì fi ìrọ̀rí méjì sí ọ lórí. Inú mi dùn. Mo dúpẹ́, mo wọ ọkọ̀. Mo ti wà láàárín omi kí n tó bi ara mi pé, níbo ni Moríkẹ́ ti rí ọ níbi tí o ti ń sùn? Mò ń retí ìdáhùn kí a tó sọ̀rọ̀ ìdána rárá.

Fi owó ránṣẹ́ fún oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu, ti Kọ́lájọ ni, nítorí èéfín yẹn kò bá a lára mu, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Fi ti ọkọ̀ tí mo wọ̀ kún un. Èyí tó jẹ́ tèmi, má jẹ́ kó kéré.

Ọlọ́run yóò fi àánú sójú àwọn dókítà náà. Wọn kò ní lé ọ. Bí wọ́n bá sì máa lé ọ, wọn yóò lé ọ pẹ̀lú owó lọ́wọ́ àti èémí nímú, wàá sì padà wá bá wa lórí omi níbí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ní kí o sáré. Àmín.

Èmi ni ìyá bàbá rẹ,
Khàdíjàt