Kí Wọ́n Tó Fi Rọ́bà Di Ikùn Rẹ

Ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró lẹ́yìn káńtà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún ti gbà ọ́ láyè díẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, bí a bá ní ká máa ráhùn, àwọn tí kò lókun àtiráhùn á bínú sí wa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ẹni tó ń wá ìṣubú rẹ wá a títí kó rẹ̀ ẹ́, kó wábi jókòó sí. Àmín.

Kí n tó ròyìn ilé, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Mo purọ́ fún ilé ìwòsàn tí wọ́n fẹ́ ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ. Mi ò mọ̀ pé àwọn ni mò ń purọ́ fún, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ó sì kan abẹ́rẹ́ oorun tí wọ́n fẹ́ gún ọ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Nítorí náà, má kà á dé ìlàjì kí o wá sọ ọ́ sínú báàgì bí o ṣe máa ń ṣe lẹ́tà mi. Mo ti sọ fún awakọ̀ tó mú un wá pé kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán, bó bá ń sọ pé ọkọ̀ òun dí ọ̀nà, má dá a lóhùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo wà lórí táyà kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì, ni télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi bá gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó ní obìnrin kan láti ìlú ńlá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ nípa ọmọ mi. Obìnrin náà kí mi dáadáa, ohùn rẹ̀ tutù, ó pè mí ní bàbá, ó ní nọ́ọ̀sì ni òun. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé wèrè ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé wa? Ṣé gìrì ń mú wa? Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Kí ló pa ìyá ọmọ, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó kú? Ìwọ náà fi ọkàn rò ó. O ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, o ò tíì mú ẹnikẹ́ni wá hàn mí, obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ wá ń bi mí bóyá wèrè wà nínú ẹbí wa. Ta ló ń béèrè irú ìyẹn, tí kì í bá ṣe ẹbí ọkọ tó ń wádìí ilé ìyàwó? Mo fi ọwọ́ bo fóònù, mo sọ fún télọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ṣẹnuure.

Mo wá dáhùn bí bàbá tó ní làákàyè, torí a kì í fi àlébù ilé ẹni han àna tí a kò tíì rí. Mo ní kò sí àrùn kankan lọ́dọ̀ wa, pé bàbá mi lo àádọ́rùn-ún ọdún, eyín rẹ̀ ò sì yọ kan. Mo ní ibà kékeré ló mú ìyá rẹ lọ, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú ilé. Ó ní ṣé wọ́n ti fún ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa ní abẹ́rẹ́ oorun rí tó wá di wàhálà? Mo ní rárá o, pé àwa máa ń sùn dáadáa, èmi gan-an ń hanrun débi pé aládùúgbò ń kan ògiri. Ó ní báwo ni ìwọ ṣe ń jẹun? Mo ní oúnjẹ ò sí lára ìṣòro rẹ, pé bí o bá ti rí omi àti ègé búrẹ́dì kan, ó ti tó ọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà wá bi í pé ẹni tó rán an, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ó ní dókítà ni.

Ìyá mi kékeré, mi ò lè jókòó mọ́. Kí n tó dé táyà oníbúrẹ́dì padà, télọ̀ ti sọ fún gbogbo òpópónà pé dókítà ń fẹ́ ọmọ mi. Àwọn mẹ́ta wá kí mi kú oríire kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo ra ọ̀dà, mo kun yàrá àlejò ní àwọ̀ ewé, mo pààrọ̀ ìdè ilẹ̀kùn tó ń dún, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì fi tipátipá mú mi lọ gé irùngbọ̀n, ó ní mo jọ ẹni tí wọ́n ń wá. Yàrá náà ń rùn títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n ó dára.

Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà tìrẹ dé, pẹ̀lú ìwé oníwòrán àti fọ́ọ̀mù ẹbí aláìsàn tí o ní kí n fọwọ́ sí. Tíṣà òpópónà wa tó ti fẹ̀yìn tì ló bá mi túmọ̀ èyí tí kò yé mi. Àṣé dókítà ò fẹ́ ọ. Abẹ ló fẹ́ fi kàn ọ́, ojú márùn-ún lórí ikùn kan ṣoṣo, kó sì fi òrùka rọ́bà di ọ́ nínú kí oúnjẹ má baà rí ọ̀nà wọlé tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi. Tíṣà ò dúró, ó ń kà á lọ.

Mo wo àwòrán rọ́bà náà dáadáa. Túùbù ni. Má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ńlá tàn ọ́, ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kò sí ibi tí mo ti rí túùbù tí mi ò ní dá a mọ̀. Ó rí róbótó, inú rẹ̀ ṣófo, ó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ já sí ẹnu kan lábẹ́ awọ ara, ibẹ̀ ni dókítà á máa fi abẹ́rẹ́ ti omi sí bó bá fẹ́ kó fún, tí á sì máa fà á jáde bó bá fẹ́ kó dẹ̀. Ta ló wá máa lẹ̀ ẹ́ bó bá jò? Mi ò tíì rí túùbù tí kì í jò. Èyí tó jẹ́ tuntun gan-an, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde, mo máa ń rì í bọ inú bàsíà omi kí n wò ó bóyá á hó. Sọ fún dókítà kó rì í bọ omi lójú rẹ. Bó bá ní òun ò ní bàsíà, ra ọ̀kan fún un.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù tún yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní wọ́n wọ̀n ọ́, wọ́n fi gíga rẹ pín ọ, wọ́n tún fi gíga náà pín ọ lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ pé wọ́n ń pín ènìyàn rí. Wọ́n ní kí o máa mu nǹkan olómi nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀dọ̀ rẹ lè fọn, kí ọ̀nà lè là fún abẹ. Kí ni ẹ̀dọ̀ ṣe? Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ náà tán, omi ni, lẹ́yìn omi oúnjẹ títẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ gidi nínú abọ́ tí kò ju ìdérí ife lọ, o ò sì gbọdọ̀ mu omi bí o bá ń jẹun lọ́wọ́. Òkèlè kan, ẹ̀ẹ̀mejìlélógún ni kí o jẹ ẹ́ lẹ́nu. Èmi àti tíṣà dán ìyẹn wò pẹ̀lú búrẹ́dì. Nígbà tí a fi máa kà dé méjìlá, ó ti bá tirẹ̀ lọ, ẹnu òfìfo la fi jẹ mẹ́wàá tó kù torí a ò fẹ́ rí dókítà fín. Wọ́n ní bí o bá yára jẹun, á padà sókè. Wọ́n tún ní títí ayé ni wàá máa lọ rí wọn kí wọ́n lè máa tún omi rẹ̀ ṣe.

Mo ti mú fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ láti fà á ya. Ìgbà yẹn ni tíṣà kà dé ibi tí o kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lo máa ń sinmi lórí àtẹ̀gùn kí o tó dé yàrá rẹ, pé dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé, pé bí o ò bá fọn, ẹsẹ̀ rẹ ló máa kọ́kọ́ lọ. Mi ò mọ̀. Bí o bá wálé, orí ìjókòó ni mo máa ń bá ọ, èmi sì rò pé o kàn fẹ́ràn àga yẹn ni.

Èmi ni mo bọ́ ọ dé ibi tí o dé yìí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́ nígbà tí ìyá rẹ kú, ojoojúmọ́ lo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí o ń sunkún, kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ létí, àfi bí mo bá fún ọ ní búrẹ́dì àti mílíìkì ni wàá dákẹ́. Mo fún ọ láàárọ̀, mo fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń fún ọ lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí o ti gbàgbé ẹkún. Mi ò mọ ohun mìíràn tí bàbá ń ṣe fún ọmọ tó ń sunkún. Nítorí náà mi ò ní kí o má ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mi ò lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò kú lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé, ọmọ mi. Kókó kékeré kan yọ sí i lábẹ́ apá. Kò dùn ún, ó ní ká fi sílẹ̀. Èmi ni mo ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, mo ní kò ní gbà ju àárọ̀ kan lọ, mo sì gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi lọ síbẹ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oorun. Wọn ò tíì fi abẹ kàn án rárá tí ara rẹ̀ fi gbóná, tí eyín rẹ̀ há pọ̀, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gan-an. Wọ́n kó yìnyín lé e lórí, wọ́n sáré sókè sódò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè mí wọlé. Ibà tí mo máa ń sọ fún ọ, ara gbígbóná yẹn ni mo ń pè bẹ́ẹ̀.

Dókítà ọjọ́ náà pè mí jókòó, ó ní abẹ́rẹ́ yẹn ni, pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé kan kí ara wọn máa kọ̀ ọ́, òbí lè gbé e fún ọmọ, pé ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún ọ ní abẹ́rẹ́ oorun, kí n yáa tètè sọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá rẹ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé èmi ni mo gbé e lọ. Òun nìyẹn, mi ò ní àwáwí mìíràn.

Mo pè ọ́ lánàá láti sọ ọ́. O mọ̀ pé fóònù télọ̀ ti bàjẹ́ níbi tí a ń gbé sétí, igbe ló ń ké síta, télọ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀ méjì sì dúró tì mí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé mò ń bá ìyàwó dókítà sọ̀rọ̀. Dípò kí n sọ ọ́, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun. O ní omi ọbẹ̀ ni o mu, mo ní ó dáa, mo pa fóònù. Ìtìjú mi pọ̀ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ìwé dókítà náà wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Gbé e lọ lónìí, má fún nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà, dókítà tó ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ oorun gan-an ni kí o fi lé lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún mi nígbà náà pé oògùn oorun mìíràn wà tí kò ní ṣe irú yín ní nǹkan kan, bí ẹni tó fẹ́ fún yín bá ti mọ̀ ṣáájú. Bí inú bá ń bí ọ sí mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ bá dókítà ná, kí o tó wá bínú. Mi ò tíì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Èmi fúnra mi ni mo máa mú un wá ní Ọjọ́rú, bí dókítà bá ti sọ lójú mi ohun tó fẹ́ lò, màá fọwọ́ sí i níbẹ̀. Màá sì bẹ nọ́ọ̀sì náà pé kó pa gbogbo ohun tí mo sọ fún un rẹ́, àfi ti bàbá mi tó lo àádọ́rùn-ún ọdún, òótọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ọ̀dà yàrá ti gbé èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ, fi owó ọkọ̀ mi rán awakọ̀ yìí. Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Bí o bá ti jí, àwa méjèèjì á jọ wá owó àbọ̀.

Kí Ọlọ́run tó jí mi lónìí jí ọ lọ́jọ́ náà. Wàá sùn, wàá jí, èmi ni wàá kọ́kọ́ rí bí o bá lajú.

Èmi ni bàbá rẹ.