Èjìká Ìyá Olùkọ́ àti Àwọn Olùrànlọ́wọ́ Mẹ́ta Inú Kọ̀ǹpútà Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ bí ẹni tó jókòó tì ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn dáadáa, ṣé ò ń jẹun lásìkò, àbí omi tútù lo ṣì ń mu dípò oúnjẹ àárọ̀? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò nílé wa ní àlàáfíà ni yóò máa lọ níwájú rẹ, yóò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, yóò sì máa bá ọ wọ inú àpótí tó ń gbé yín gòkè ní ọ́fíìsì yín, èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Àwa náà wà. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti ń lọ sílẹ̀. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, funfun náà kì í jẹ́ kí èkejì rí ọmú mu. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi wá ń rùn bí aṣọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí: ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo kó o jẹ. Jọ̀ọ́, má tíì yan ìkankan. O ní ọjọ́ Ẹtì ni ìwọ àti ẹnìkejì rẹ lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹnu kò, mo sì ti bẹ dírẹ́bà tó ń kó ẹrù wá sọ́dọ̀ yín pé kó fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ lọ́la. Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo mọ gbogbo nǹkan, ẹnu mi á sì máa sáré ṣáájú mi. Lórí ìwé, mo lè dúró kí n mí.

Nígbà tí o sọ pé olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta ló wà níwájú yín, pé ẹ fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn kó máa bá yín kọ áàpù ilé ìwòsàn yẹn, èyí tí yóò máa rán àwọn ìyá létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ wọn, èmi àti bàbá rẹ dákẹ́, o wá ń sọ pé “hẹ́lò, hẹ́lò”, o rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibi tí wọn ó máa sùn là ń rò. Yàrá kan ṣoṣo lo ní. Bàbá rẹ ń fọwọ́ gún mi pé kí n bi ọ́ bóyá ọkùnrin ni wọ́n, ojú ń tì mí láti bi ọ́. Nígbà tí o wá ṣàlàyé pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé, pé wọn kì í jẹun, owó oṣooṣù nìkan ni wọ́n ń gbà, bàbá rẹ ní ohun tó ń gbowó lóṣooṣù láì bá ni jẹun, lánlọ́ọ̀dù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kí o ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dáadáa kó má lọ lé ọ jáde nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ.

O ní ọ̀kan nínú wọn, tí o bá ti sọ ohun tí o fẹ́, kí o tó mumi tán, ó ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O ní èkejì máa ń bá ọ parí ìlà tí o bá ń kọ lọ́wọ́. Mo mọ ìyẹn dáadáa, àbúrò bàbá rẹ obìnrin ni, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ tó tíì parí gbólóhùn kan rí. O ní ẹ̀kẹta máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan, á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á sì dúró kí o ní ó dáa. Òun lọkàn rẹ fẹ́. Àmọ́ ẹnìkejì rẹ, Kíámọ́sá (orúkọ tí èmi sọ ọ́ nìyẹn, má sọ fún un o), ní ìbéèrè lásán ni yóò fi pa yín, pé tí ẹ ò bá mú èyí tó yára, òun á palẹ̀ ẹrù òun mọ́, òun á bá tòun lọ. Láti ilé ìwé lẹ ti jọ ń bọ̀. O wá ní, Màámi, èwo ni kí n mú. Èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa kọ̀ǹpútà, wàràwàrà ni mo dá ọ lóhùn pé èyí tó yára ni.

Káfíńtà ló fà á. Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀kan nínú irú wọn lórí fóònù rẹ̀. Ó ní kó ya kọ́bọ́ọ̀dù fún òun, a ò tíì ṣẹ́jú tó ti yà á. Ohùn rẹ̀ sì tutù débi pé káfíńtà máa ń kí i láàárọ̀ kó tó kí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà sì ti kìlọ̀ pé lọ́jọ́ tọ́wọ́ òun bá tẹ fóònù yẹn, inú kànga ló ń lọ. Ó wọ̀ mí lójú, kí n má purọ́.

Láti ìgbà tí a ti gbé fóònù sílẹ̀ ni ara mi ò ti lélẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, mo ń wa maṣín-ìn, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, eruku òwú ń fò nínú rẹ̀ bí ohun tí kò níbi tó ń lọ, ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀, ó ń tẹ̀, mi ò sùn, mi ò sì jí, mo bá rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n wọlé wá. Wọn ò lójú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwà á hù. Ara wọn ń rọra mì bí aṣọ funfun tí wọ́n sá sínú afẹ́fẹ́. Èyí tó yára ti ń gé aṣọ lórí tábìlì kí n tó ní ẹ káàbọ̀. Ìkejì bá mi parí orin tí mo ń kọ, ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ẹ̀kẹta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé kí òun bọ́ bàtà. Inú mi dùn sí wọn, ọmọ mi. Ó dà bíi pé ilé tún kún bí ìgbà tí ẹ wà ní kékeré. Abẹ́rẹ́ ló gún mi lọ́wọ́ tí mo fi rí i pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ìṣirò, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, gbé aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wá, ó fẹ́ kí n rán an fún òun láti wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀. Ohun kan sì wà tí àwa aránṣọ kì í ṣe: a kì í kọ àbùkù ara oníbàárà sínú ìwé ìwọ̀n. Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀, bí ìbàdí kan bá ga ju èkejì lọ, ojú wa á rí i, ọwọ́ wa á tún un ṣe, ẹnu wa ò ní sọ ọ́. Èjìká òsì ìyá olùkọ́ wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti ń rán aṣọ fún un ni mo ti máa ń ká aṣọ pélébé kan sínú èjìká yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mo gbé ìwọ̀n rẹ̀ lọ bá káfíńtà, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí i pé ìmọ̀ràn tí mo gbà ọ́ dáa. Ó ní kí n ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa oníbàárà náà kí òun tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Mo ka àyà, mo ka ìbàdí, mo ka gígùn apá. Nígbà tó kan èjìká, mo ka ohun tó wà nínú ìwé, mo sì panu mọ́. Mo rò pé nǹkan tó gbọ́n tó báyìí á ti mọ̀, pé òun náà kàn ń dákẹ́ bí ọmọlúàbí ni. Àwòrán tó yọ jáde rẹwà, mo sì gé aṣọ náà bó ṣe wí. Ọwọ́ mi ń sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo bá ọwọ́ mi wí.

Láàárọ̀ yìí ló wá wọ̀ ọ́ wò. Aṣọ náà yọ̀ bọ́ lápá òsì, gbogbo rẹ̀ wá hàn kedere nínú dígí. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ìyá olùkọ́ wo dígí, ó wò mí, ó ní ṣé láti ọjọ́ yìí ni mo ti mọ̀. Mo ní ẹ má bínú, mà, mo ti mọ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní tí mo bá ti fa téèpù yọ báyìí ni òun máa ń gbé èjìká yẹn sókè kí n má baà rí i, òun sì rò pé ọgbọ́n òun ló ń mú aṣọ gún régé! Òun ń gbé èjìká fún mi, èmi ń ká aṣọ sábẹ́ rẹ̀ fún un, a ò sì sọ fún ara wa.

Káfíńtà tún bi ẹ̀rọ rẹ̀, ó sọ ti èjìká fún un lọ́tẹ̀ yìí. Ojú ẹsẹ̀ ló ya èyí tó tọ́, ó sì tọrọ àforíjì débi pé káfíńtà ní ìyàwó òun ò tọrọ irú rẹ̀ rí, kò mọ̀ pé ìyàwó ọ̀hún wà lẹ́yìn òun. Mi ò dúró wo ìyókù. Mo dúpẹ́ pé mo máa ń dá aṣọ díẹ̀ sí nínú ojú rírán, n ó tú u, n ó tún un rán.

Nítorí náà, ọmọ mi, mi ò mọ̀ bóyá mo tọ̀nà, o mọ ibi tí ìwé mi dé. Èyí tó yára lọ́wọ́ káfíńtà ò ṣe mí níbi. Ohun tí mo fún un ló lò. Àmọ́ kò bi mí léèrè. Tó bá sì bi mí pé ṣé èjìká méjèèjì dọ́gba, èmi gan-an á ti ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Mo wá ń rò ó pé èyí tó máa bi yín ní ohun tí ojú ń tì yín láti sọ, òun ló yẹ kó jókòó tì yín. Mú ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n má fi lẹ́tà mi bá Kíámọ́sá jà. Ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yẹn, ẹ bi í ní ohun tó mọ̀ nípa àwọn ìyá wọ̀nyẹn tí kò kọ sínú fáìlì. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà ọkọ ni ìyá kan fi sílẹ̀, ọkọ ò sì ń jíṣẹ́ fún un. Òmíràn lè má mọ̀wé kà, kó máa fi orí dáhùn lásán. Tí áàpù yín bá fo irú ìyá bẹ́ẹ̀, ọmọ ló máa pàdánù abẹ́rẹ́. Ẹ gbé iṣẹ́ yẹn fún èyí tó yára, ẹ gbé e fún èyí tó ń béèrè, kí ẹ jọ jókòó wo èyí tó máa bi yín nípa wọn. Tí Kíámọ́sá bá fojú ara rẹ̀ rí i, á rọlẹ̀. Tí kò bá rọlẹ̀, bi òun náà ní ohun tí kò tíì sọ fún ọ. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan máa lé e nílé.

Kò wá ní dáa kí n ní kí ẹ máa sọ̀rọ̀ síta kí n fi tèmi pamọ́. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ìyàwó káfíńtà ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo máa ń purọ́ fún un pé ọwọ́ mi dí. Bàbá rẹ ò mọ̀. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn bùkátà, fi owó awò ojú ránṣẹ́ sí mi. Fi rán dírẹ́bà, má fi sí báńkì. Ìgbà tó kọjá tí akọ̀wé báńkì ní owó ti wà nínú káàdì, mo mú káàdì wálé, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo yẹ iwájú rẹ̀ wò, mi ò rí nǹkan kan.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní tú níbi tí ojú pọ̀ sí. Ẹni tí yóò bi ọ́ léèrè kó tó gé aṣọ rẹ ni Ọlọ́run yóò máa fi pàdé rẹ, nínú kọ̀ǹpútà àti níta rẹ̀. Tí o bá rí i pé àwọn ìlà mi ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, o ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.