Máàkì Tí Mo Fún Èjìká Ẹ̀gbọ́n Àfẹ́sọ́nà Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: èmi ni. Èmi ni mo fún Sàlámì ní máàkì tó fi ṣe sẹ́kọ́ndì. Kì í ṣe dìsípẹ́ńsà tí gbogbo ìlú ń bú. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ojú mi ló rí i, ọkàn mi sì balẹ̀... àbí kí n purọ́ ni? Mo bẹ olóòtú kó má kọ orúkọ mi. Kì í ṣe pé ojú ń tì mí o, nítorí ọmọbìnrin kan ni. Àbúrò Sàlámì ni, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe aya. A ti gbé ìdána lọ, wọ́n ti gbà á, yìgì ló kù. Ẹ jẹ́ ká pe ọmọbìnrin náà ní Rábí, orúkọ tí mo fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kì í sì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an.

Télọ̀ ni mí ní Ọ̀tà níbí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà, kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òyìnbó kan wà tó ń bójú tó iṣẹ́ títì láti oríta Sángo wọ ìlú, èmi ni mo ń rán kákí rẹ̀. Òun ló mú ìwé aláwòrán kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọkùnrin tí iṣan wọn yọ gánńgán ló kún inú rẹ̀, ó ní wọ́n máa ń fi ara bẹ́ẹ̀ díje nílùú àwọn, pé ara ọmọ Ọ̀tà kò kéré sí tiwọn, kí àwa náà ṣe tiwa. Akéde kéde rẹ̀ yí ìlú ká, àwọn géńdé láti Ìjù, láti Alápòtí, láti àárín ìlú fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kọ́kọ́ ní ìhòhò ni, òyìnbó ní kò burú, kí ṣòkòtò kálukú dé orúnkún, wọ́n dákẹ́. Adájọ́ mẹ́ta ló yàn: òun fúnra rẹ̀, dìsípẹ́ńsà tó ń fún wa lóògùn, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, àti èmi. Ó ní ojú mi máa ń rí ara èèyàn kí n tó fa téèpù yọ, ṣùgbọ́n kí n fi téèpù sílé lọ́jọ́ náà o, ojú nìkan ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́, mo rìn lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá a lẹ́jọ́, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti wá. Wọ́n á kọ́kọ́ pín àwọn olùdíje bí wọ́n ṣe ga sí, kúkúrú pẹ̀lú kúkúrú, agbedeméjì pẹ̀lú agbedeméjì, gíga pẹ̀lú gíga, kí ọ̀pẹ má baà máa bá igi ọsàn figagbága. Ẹni tó bá borí nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò wá pàdé ara wọn lẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á kọjú sí wa, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ hàn wá, wọ́n á kẹ̀yìn sí wa. Lẹ́yìn náà ni kálukú á wá fún ara rẹ̀ mọ́ra kí iṣan lè yọ, tí á máa ṣe fáàrí tó bá wù ú. Máàkì wà fún bí iṣan ṣe tóbi tó, máàkì wà fún bí ara ṣe dọ́gba, ọ̀tún pẹ̀lú òsì, òkè pẹ̀lú ìsàlẹ̀, máàkì sì wà fún ìdúró àti ìrìn. Ṣé ẹ rí i pé mi ò dárúkọ agbára? Kò sí máàkì fún agbára! Ohun tí o lè gbé kò kàn wọ́n. Òyìnbó sì ní ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́ta kò gbọdọ̀ sọ iye tó fún ẹnikẹ́ni síta, a sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé, pápá ilé-ìwé kún. Sàlámì jáde láàárín àwọn gíga, wọ́n ti fi àdín pa á lára, ó ń dán yinrin, àwọn obìnrin ilé wọn ń kì í, Rábí wà láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Sàlámì ṣeé wò, ta ló máa jiyàn? Àyà ńlá, apá ńlá, itan ńlá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ríru àpò èkùrọ́ sínú lọ́rì ló ń ṣe, láti kékeré ló sì ti ń gbé àpò lé èjìká ọ̀tún nìkan. Èjìká ọ̀tún yẹn ti ki, ó ti le, òsì wá rọ̀ sílẹ̀ bí ilé tí òpó kan ti rì. Nígbà tó kẹ̀yìn sí wa, kódà ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fà sápá kan. Mo rí i. Àbí kí n di ojú mi ni?

Ẹ ó ní báwo ló ṣe jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nílé wọn kò mọ̀. Èmi ni mo bò ó! Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ fún Sàlámì ni mo ti ń fi òwú àti ègé aṣọ tẹ́ inú èjìká òsì rẹ̀, tí mo ń gé ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sí bí ara rẹ̀ ṣe rí, tó bá wọ̀ ọ́ tán, á gún régé. Gbogbo télọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ, à ń dọ́gbọ́n sí i, ẹni tí ìdí rẹ̀ tẹ́, à ń dọ́gbọ́n sí i, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sì sọ fún mi pé télọ̀ tó bá ń sọ àléébù oníbàárà síta, kó yáa lọ máa ro oko. Mi ò sọ fún Sàlámì fúnra rẹ̀ rí. Dígí ilé wọn kò ju èyí tí wọ́n fi ń wo ojú lọ. Lẹ́nu iṣẹ́, àpò ló máa ń wà lórí èjìká rẹ̀, ta ló ń wo èjìká tó wà lábẹ́ àpò? Ẹ̀wù mi ni wọ́n ń wò láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n rò pé ara ọmọ wọn ni. Ọpẹ́lọpẹ́ aṣọ, oríṣiríṣi ìdí là bá rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ̀wù wà lọ́rùn rẹ̀ ni? Ṣé ẹ̀wù mi ni wọ́n ní kí n fún ní máàkì?

Ọkùnrin Alápòtí kan ló dúró tì í. Ọ̀pẹ ló ń gùn, igbà ló fi ń gun ọ̀pẹ, apá méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sí èyí tó ń ṣe ọ̀lẹ. Kò tóbi tó Sàlámì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dọ́gba bí aṣọ tí wọ́n ká sí méjì tí etí rẹ̀ bára mu. Mo fún Sàlámì ní gbogbo ohun tó yẹ fún iṣan, mi ò yọ ìkankan. Ti ìdọ́gba ni mo dé, mo fún un ní ohun tí mo rí, ohun tí mo rí kò sì pọ̀. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọmọ Alápòtí fi díẹ̀ bọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà la wá rí i láàárín ara wa pé òyìnbó fún àwọn méjèèjì ní iye kan náà, dìsípẹ́ńsà gbé Sàlámì síwájú díẹ̀, èmi nìkan ni mo fà á sẹ́yìn, tèmi ló sì pinnu ẹ̀.

Pápá dàrú. Sàlámì kò bá ẹnikẹ́ni jà o, ó kàn lọ gbé kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú akọ̀wé tó ń bá wa ro máàkì, tó jókòó lé e, ó gbé e yí pápá ká, akọ̀wé ń ké pé kí wọ́n gba òun! Gbogbo èèyàn ń hó. Wọ́n ní kí ọmọ Alápòtí náà wá gbé e, ó ní òun kò lè gbé e, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ní ẹ ò rí i bí, wọ́n ti ré wa jẹ! Títí dòní, ta ni mo lè fi yé pé kì í ṣe ìjàkadì? Ta ni mo lè fi yé pé ẹrù tó sọ Sàlámì di alágbára náà ló ba ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́?

Ní ti dìsípẹ́ńsà, òun ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Nítorí pé àlejò ni, àti pé ó ti bá ìyá Sàlámì wí rí pé ó pẹ́ kó tó gbé ọmọ wá fún ìtọ́jú. Àwọn obìnrin tó ń lọ odò ń kọrin bú u lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹlòmíràn kò kí i mọ́, aya rẹ̀ ní òun ń padà sí Ìjẹ̀bú. Ó sì mọ̀ pé èmi ni! Ó pàdé mi lọ́nà, ó kí mi dáadáa, ó ní ohun tí a bá jọ mọ̀ níbi ìdájọ́, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Tí mo bá sì lọ kí àwọn àna mi, wọ́n á gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n á máa ṣépè fún ọkùnrin náà, wọ́n á wá máa wo ẹnu mi bóyá màá ṣe àmín. Mi ò ṣe àmín rí. Ṣùgbọ́n mò ń jẹun náà lọ... ìyẹn nìkan ló ń dùn mí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó ń dùn mí gan-an.

Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún. Ó fọwọ́ lérí, ó ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké, pé kí ló ṣe mí tí mi ò fi lè bo àna mi bí mo ṣe ń bo oníbàárà. Mo ní màmá, ẹni tó gbé ẹ̀wù wá fún mi, ìbòrí ló ń wá. Ẹni tó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ lójú ìlú tó ní kí n wo òun, ó fẹ́ kí n wò ó ni! Bí mo bá fi ohun tó tọ́ sí ọmọ Alápòtí dù ú nítorí kò ní àbúrò tí mo fẹ́ fẹ́, irú ọkọ wo ni mo fẹ́ jẹ́ fún Rábí? Ṣé ẹni tó lè ta ojú ara rẹ̀ kò ní ta ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan? Ìyá mi ní agídí mi yìí, bàbá mi ni mo fi jọ.

Nísinsìnyí, bàbá Rábí ti ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kẹ́yìn kí àwẹ̀ tó wọlé, àwọn àgbà yóò jókòó, wọn yóò kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n gbé dìsípẹ́ńsà kúrò ní Ọ̀tà, èmi tí mo jẹ́ adájọ́ tí mo sì jẹ́ ọmọ wọn ni kí n dìde jẹ́rìí, kí n fi Kùránì búra pé òun ló ṣe é. Wọ́n ní ìyẹn ni wọn yóò fi mọ̀ pé mo fẹ́ràn ilé àwọn. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn, kí n búra! Mi ò ní í búra. Kí wọ́n yà mí sọ́tọ̀ láti ọ̀la, mi ò ní í búra.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí, mo rò pé mo lè fi ara pamọ́. Irọ́ ni. Télọ̀ mélòó ló jókòó sórí àga adájọ́ lọ́jọ́ náà? Ohun tí ẹ kò wá mọ̀ ni pé Rábí lọ ilé-ìwé, òun ló ń ka ìwé ìròyìn yìí sókè fún bàbá rẹ̀, ojú ìwé yìí gan-an ni bàbá fẹ́ràn jù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ lọ. Rábí, bí o bá dé ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ èjìká, má fò ó. Bí bàbá bá bi ọ́ pé kí ló dé tí o dákẹ́, kà á lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ìmọ̀ràn yín tó jáde, Rábí á ti kà á tán, nítorí náà ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí bóyá kí n sọ tàbí kí n má sọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ ní kí n yí máàkì náà padà, kó fi báyìrò rẹ̀ pamọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bèèrè. Bí wọ́n bá ru ìdána mi padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ wọn, àbí kí n kọ̀ jálẹ̀ kí n tún lọ kan ilẹ̀kùn wọn? Torí mo fẹ́ ọmọbìnrin yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ ẹ, mo sì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ohun tó tọ́ sí i. Ṣé èèyàn kan ò lè ṣe méjèèjì ni?