Ọjọ́ tí Màámi wọ sùtánà yín

Bàámi, olówó orí Màámi,

Ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ ilé ọmọ mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí. Kò ní yà yín lẹ́nu. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Akápò, nítorí pé láti kékeré ni mo ti ń ka ẹ̀pà ọwọ́ mi kí n tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ rò fún yín yìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin yín, Màámi ò jẹun mọ́. Bí a bá gbé ẹ̀kọ síwájú wọn, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á sì tì í padà. Wọ́n á jókòó ní ibi ìyangàrí, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Mo ra oògùn, mo ra mílíìkì alágolo. Ìjọ gbààwẹ̀. Òrùka tí ẹ fi fẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù bà mí, Bàámi. Ó jọ pé wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ láti tẹ̀lé yín.

Ọ̀rọ̀ sùtánà yín ló dé. Aṣọ gidi ni, mi ò lè jẹ́ kó ṣòfò. Mo fọ̀ ọ́, mo ká a sínú báàgì, pé bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá gba ọ̀dọ̀ télọ̀ lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá kó gé e fún àwọn ọmọ. Báàgì yẹn àti báàgì tí sùtánà Màámi wà nínú rẹ̀ jọ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ti télọ̀ nìkan ni mo gbé, mo gbàgbé ti Màámi.

Ìgbà tí a dé yàrá tí àwọn obìnrin ti ń múra ni mo tó rí i. Mo ro owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀, mo bá ní kí Màámi wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi àmùrè dì í mọ́ ìdí. Wọn ò jiyàn. Wọn ò lókun àtijiyàn mọ́.

Ẹ mọ bí ẹ ṣe ga tó. Ẹ sì mọ bí Màámi ṣe mọ.

Nígbà tó kan ọrẹ, wọ́n ń wọ́ aṣọ nílẹ̀ lọ síwájú. Apá aṣọ ti gbé ọwọ́ wọn mì. Wọ́n dé ibi àpótí ọrẹ, owó ò rí ọ̀nà jáde. Wọ́n ń gbọn apá aṣọ bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ lára. Gbogbo ìjọ ń wò wọ́n. Ojú gbà mí tì.

Bàbá Ọlọ́sàn, ọ̀rẹ́ yín tó máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún yín bí ẹ bá sùn lórí ìwàásù, ò lè pa á mọ́ra. Wọ́n ké láti ẹ̀yìn: “Bàbá Akápò, ṣé ẹ ti jí? Ìwàásù ti parí o!”

Mo rò pé Màámi máa ṣubú. Wọ́n yíjú sí wa. Wọ́n na apá aṣọ méjèèjì sókè, wọ́n yán bí ẹ ṣe máa ń yán, wọ́n sì fi ohùn yín gan-an pariwo: “Halelúyà! Ẹsẹ kelòó la wà?”

Háà, Bàámi! Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Wòlíì fi Bíbélì bojú. Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, omi ń dà lójú wọn. Ìyá tó wà nítòsí wọn di ìhà mú: “Ìyá Akápò, ẹ ò ní pa wá!” Màámi fi apá aṣọ yín nujú, wọ́n wò mí.

“Kí lẹ sè sílé? Ebi ń pa mí.”

Orí mi wú. Kí ló wà nínú ẹ̀rín? Wọn ò tà á lọ́jà Ẹ̀gbẹ́dá, ǹ bá ti bi wọ́n ní iye rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ gbé yín ṣubú pẹ̀lú ẹrù gbágùúdá. Ẹ rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó wo orúnkún yín tó bó. Èmi ń ṣa gbágùúdá, mo ń bínú. Ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà yẹn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí ojoojúmọ́ lẹ ń sọ ọ́?

Màámi ṣì ń lo oògùn wọn, mi ò gbà kí wọ́n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun. Òrùka ti dúró. Wọ́n ti ń fi àwọn oníbàárà tó ń ra gàrí wa ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo tún mú báàgì télọ̀, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi: “Akápò, bí o bá gé aṣọ yìí, màá gé etí ẹ.” Orí ìṣó ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn.

Láàárọ̀ yìí, mò ń yan gàrí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ yíyán yín nínú yàrá wọn, lẹ́yìn náà ohùn yín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín Màámi, àwọn nìkan. Mo lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé. Òórùn gàrí tó ń jóná kàn mí nímú.

Mo jẹ́ kó jóná, Bàámi.

Èmi ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín,
Akápò